Àna Mi Kò Bú Mi Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Waidrala, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá jókòó. Ìtàn tí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu mi nípa bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, irọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, èmi Kitione tí ẹ ń pè ní alága ni mo sì fi irọ́ náà sí i. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin abúlé òdìkejì odò. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ níwájú àlùfáà àgbà, tí omi ń bọ́ lójú mi pòròpòrò. Mo ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló mú ọpọ́n yaqona wa lọ kí a lè máa jẹun alẹ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wa. Ọlọ́run kò mú ọpọ́n kankan lọ. Ẹṣin mi ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà fún yín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èyí tí mo ṣe lẹ́yìn ti ẹṣin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ kò bá a. Nígbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ilé ìpàdé yìí ni gbogbo ọkùnrin Waidrala ń forí lé. A ó gún gbòǹgbò yaqona, tó ń mú ara rọ̀ tó sì ń kun ni lóorun, a ó pò ó mọ́ omi nínú ọpọ́n ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn baba ńlá Ratu Ilaitia, baálé wa, fi sílẹ̀, ife èèpo àgbọn yóò sì máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, a ó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń mu ún, títí àkùkọ yóò fi kọ. Àwọn ìyàwó wa ló ń ṣẹ́gi, àwọn ló ń fi ọmọ sùn, àwọn náà ló ń jí wọn lọ sílé ìwé, àwa sì ń sùn bí òkú di ọ̀sán. Vasiti ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kitione, nínú èmi àti ọpọ́n yẹn, èwo lo mú lọ síwájú àlùfáà lọ fẹ́?" Mo ní, "Ọpọ́n kì í bi mí ní ìbéèrè." Mo tún gbé èsì náà wá síbí wá sọ, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé mo gbọ́n. Òmùgọ̀ pátápátá ni mí.

Ẹni kan ṣoṣo tí kì í bá wa jókòó pẹ́ ni Ravuama, ọkọ Merewalesi àbúrò mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń kan ọkọ̀ ojú omi fún wa. Ẹ sì mọ àṣà wa. Èmi àti àbúrò mi obìnrin kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ lójúkojú láti ìgbà tí a ti bàlágà, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, àna mi, òun ni Ọlọ́run fún mi láti máa bú. Bí àna rẹ kò bá bú ọ lówùúrọ̀, ńṣe ni kí o lọ yẹ ara rẹ wò bóyá o ti kú. Ọmọ erékùṣù Kadavu ni Ravuama, níbi tí yaqona ti ń hù bíi koríko, síbẹ̀ ife kan péré ló máa ń mu tí yóò fi dìde. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ìwọ ọkùnrin tó bá ìyàwó lọ sílé yìí, ṣé Merewalesi ló ń ka ife fún ọ ni?" Òun náà yóò wo awọ ara mi tí yaqona ti mú kó máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja, yóò ní, "Kitione, má gba inú igbó kọjá o. Bí aláǹgbá bá rí ọ, yóò kí ọ ní ẹ̀gbọ́n." Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé, bí mo bá ronú èébú tuntun fún un lóko, mo máa ń sáré bọ̀ wálé.

Ọjọ́ kan wá ni Ravuama dìde lẹ́yìn ife rẹ̀ kan náà, ó na ìka sí ọpọ́n, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, lọ́jọ́ kan màá gbé nǹkan yìí, màá sì fi dáná sun ẹja fún àwọn ìyàwó yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn fún mi.

Kò pẹ́ sí i ni ṣọ́ọ̀ṣì kéde ọ̀sẹ̀ àdúrà, pé kí ọkùnrin kankan má fẹnu kan yaqona. A da ojú ọpọ́n dé. Èmi kò lè fara dà á. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn wà lójú odò, mo yọ́ wọ ilé ìpàdé, mo fi àpò wé ọpọ́n náà, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin mi, mo gbé e lọ sí oko ẹ̀gẹ́ mi lórí òkè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pe ẹni tó bá ń dá yaqona mu. A ní èṣù ló ń bu fún, a ní oṣó tó fẹ́ ṣe ẹlòmíràn níbi ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Mo bu ún fún ara mi, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi, mo mu ún, mo tún pàtẹ́wọ́ pé mo ti mu ún. Mo tiẹ̀ kí ara mi kú ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni oorun gbé mi lọ. Ariwo igi ló jí mi. Nígbà tí màá lajú, ẹṣin mi dúró sínú ọpọ́n àwọn baba ńlá wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ ṣinṣin, ọpọ́n ti là láti etí dé ìdí, ẹṣin náà sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo yẹ kí n ṣàlàyé. Mo gbé ọpọ́n lọ sí àbàtà ibi tí mo gbin kókò sí, mo sin ín sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ àdúrà parí tí wọ́n wá ọpọ́n tì, abúlé dàrú. Ratu Ilaitia pe gbogbo ọkùnrin jọ. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kó sọ ọ́ báyìí, a ó jọ parí rẹ̀." Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá ní ẹṣin ló fọ́ ọ, wọn ìbá bú mi, wọn ìbá gba ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, ó parí. Ṣùgbọ́n wọn yóò bèèrè pé kí ló gbé ọpọ́n dóko, èmi àti ta ni jọ mu ún. Kí ni n óò sọ? Pé èmi nìkan ni? Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á pè mí ní oṣó. Ni mo bá la ẹnu tí kò ní láárí yìí, mo ní, "Èmi kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tí ẹnì kan sọ pé òun máa fi ọpọ́n ṣe."

Gbogbo ojú yí sí Ravuama. Baálé bi mí pé, "Kitione, ṣé o rí i tó gbé e?" Ní òótọ́, mo ti rí Ravuama lọ́sẹ̀ náà tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi ẹní wé lọ sí etí òkun. Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ ni. Mo gbọ́ tí irin ń kan irin nínú ẹní náà. Mo dáhùn pé, "Mo rí i tó gbé nǹkan tó fi ẹní wé lọ sí etí òkun." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ẹ gbọ́ mi bí? Ọ̀rọ̀ tí kò sí irọ́ nínú rẹ̀ ni mo fi pa ènìyàn.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ravuama bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé èébú àna ni mo ń bú u. Ó lu itan, ó ní, "Kitione, o burú. Èyí dára ju ti àná lọ. Ó tó, sọ òótọ́ fún baálé." Ó ń wò mí, ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹjú mọ́ ẹní. Mo gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe ń tán díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, títí kò fi kù mọ́. Àwọn ènìyàn sì ní, ẹ wo bó ṣe ń fi wá rẹ́rìn-ín, òun ló gbé e.

Ó sẹ́ títí, wọn kò gbà á gbọ́. Àlejò ni, kò ní ilẹ̀, ilẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe Sakeasi ọmọ rẹ̀ ní ọmọ olè tó jí ọpọ́n. Nígbà tó yá, Ravuama gbé ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jáde, eyín àbùùbùtán ńlá kan tó ti pọ́n bí epo, tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun okùn sí. Ẹ mọ̀ pé irú eyín bẹ́ẹ̀ la fi ń bẹ̀bẹ̀ ọ̀ràn ńlá, òun náà la sì fi ń tọrọ ìyàwó. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí Sakeasi yóò tọrọ ìyàwó. Ó gbé e wá síwájú baálé, ó jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó ní, "Èmi kò mọ ibi tí ọpọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló sọ pé màá fi dáná. Nítorí ẹnu mi ni mo ṣe wá bẹ̀bẹ̀. Ẹyọ ohun kan ni mo tọrọ. Kí a tó gbẹ́ òmíràn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin máa lọ sílé lọ jẹun alẹ́." Baálé gba eyín náà, ó sì ní ó gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé Ravuama lójú ọ̀nà. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi létí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Alàgbà Kitione. Ṣé ara yín le?" Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ẹ" ló kù. "Ẹ̀yin." Ẹni tí kò bá ní àna kò lè mọ ìyà tí mo ń sọ.

Ní ti ilé, Ọlọ́run ní àwàdà. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, Vasiti fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Ọmọbìnrin mi kékeré bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ wá kí?" N kò mọ ibi tí abọ́ mi wà nínú ilé ara mi. Gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wá ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìṣirò, ọmọ náà gba òdo, olùkọ́ sì ránṣẹ́ pe bàbá. A bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ níbí lọ́jọ́ Sátidé láti bi ara wa léèrè, báwo ni wọ́n ṣe ń fi ọmọ sùn, báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó láìsí pé o ń pariwo. A gbàdúrà, a kọrin, a kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn baba ńlá wọn àti ijó wọn. A fi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí àwa ọkùnrin ń wa ààrò sínú ilẹ̀, tí à ń fi òkúta gbígbóná se oúnjẹ fún àwọn ìyàwó wa, tí wọ́n jókòó lórí ẹní tí wọ́n ń pàṣẹ. Nígbà tí a gbẹ́ ọpọ́n tuntun, àwa fúnra wa la ní kí a máa da ojú rẹ̀ dé bí agogo oúnjẹ alẹ́ bá ti lù. Ẹ̀rín padà sí Waidrala. Mo sanra. Vasiti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tìgbà tí mo ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Wọ́n fi mí jẹ alága, nítorí mo mọ̀rọ̀ọ́ sọ, mo sì gbà á. Ojú kò tì mí.

Ṣùgbọ́n bí ayọ̀ ṣe ń pọ̀ nílé gbogbo ènìyàn ni òfo náà ń pọ̀ sí i nínú mi. Ẹ mọ̀ pé ọmọ àbúrò wa obìnrin, tiwa ni tirẹ̀, ohun tó bá wù ú nílé wa ni yóò gbé láìtọrọ. Nígbà tí Sakeasi wà ní kékeré, ó máa ń gbé bàtà mi lọ tí ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọpọ́n, kò mú abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó di géńdé, kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi àfi kí ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ láàárín ìpàdé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fọ́ ọpọ́n yẹn, kì í ṣe Ravuama." Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Wọ́n ní Kitione ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá àna rẹ̀ ṣeré, inú wọn dùn fún wa. Ravuama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì padà jókòó. Ojo ni mí.

Lóṣù tó kọjá ni Ravuama wá bá mi lójú oko. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Alàgbà Kitione, ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Sakeasi ti rí ọmọbìnrin kan, àwa yóò lọ tọrọ rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo. Bí ẹ bá mọ ẹni tó lè yá wa ní eyín àbùùbùtán kan, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ọ̀dọ̀ mi ló wá tọrọ rẹ̀ o. Lọ́wọ́ èmi. Inú àbàtà kókò kan náà ni mo dúró sí, ọpọ́n sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ mi tẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Bó ṣe lọ tán, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọkọ́ tí mo sì hú ọpọ́n jáde. Igi líle ni, ẹrẹ̀ kò rí i gbé ṣe.

Ọ̀dọ̀ Ratu Ilaitia ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwọ nìkan? Ta ló ń bu ún fún ọ?" Mo ní èmi ni. "Ta ló ń pàtẹ́wọ́?" Mo ní èmi náà ni. Bàbá gbìyànjú, kò lè mú un mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Kitione, èṣù gan-an kò ní gbà láti bá ọ jókòó." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọ yàrá, ó gbé eyín tí Ravuama mú wá lọ́jọ́sí jáde pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ó ní, "N kò fi fún ẹnikẹ́ni. Ara mi kò gbà á. Gbé e lọ bẹ ẹni tó ni ín."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀yin tó wọ ẹgbẹ́, mo wọ ilé ìpàdé yìí, mo jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí Ravuama jókòó sí lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọpọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di eyín náà mú, mo tẹrí ba, mo sì jẹ́wọ́ bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín yìí. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí a kì í fi eyín àbùùbùtán ṣàwàdà. Ravuama mọ okùn bàbá rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo: "Lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ mọ̀ pé mo rò pé eré ni?" Mo ní, "Mo mọ̀." Ó dìde. Kò fọwọ́ kan eyín náà. Ọpọ́n ló gbé, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ṣì tẹrí ba níbẹ̀. Bí a kò bá tíì gba eyín lọ́wọ́ rẹ, o kò lè gbé orí sókè, o kò sì lè lọ. Ọrùn mi ń ro mí. Mo ti gbà nínú mi pé ibẹ̀ ni n óò kú sí. Nígbà tó ṣe, mo rí ẹsẹ̀ Sakeasi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbé ọpọ́n náà sílẹ̀ níwájú mi, ẹ̀gẹ́ gbígbóná àti ẹja sísun kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ó ní, "Ìyá mi ní kí n sọ fún ẹni tó tẹrí ba yìí pé ọpọ́n tí kò lè gba omi mọ́ ṣì lè gba ẹ̀gẹ́. Ó ní kí ó jẹ ẹ́ kó tó tutù." Àbúrò mi ni o, tí a kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe. Omijé mi ń kán sórí ẹja.

Nígbà náà ni Ravuama wọlé. Ó jókòó níwájú mi, ó gba eyín náà, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bí a bá gba ẹ̀bẹ̀, ní ìdákẹ́jẹ́, láìfo ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Ó wá tẹ̀ sí mi létí, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Kitione, gbé orí burúkú rẹ sókè. Ẹṣin rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Ẹṣin mọ̀ pé ó ti tó kí á fọ́ nǹkan yẹn, ìwọ aláǹgbá lo wá lọ ń sin ín." Ìwọ ló pè mí. Mo fi ẹ̀gẹ́ sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí irọ́ tí mo ti ń pa fún yín jì mí. Bí ẹ bá fẹ́ yan alága mìíràn, ẹ yàn án, n óò máa walẹ̀ ààrò fún un. Bí ẹ bá fọ́ nǹkan, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹ̀rín rẹ̀ san gbèsè yín. Ẹ sì máa lọ sílé lọ jẹun. Ọ̀la ni a ó lọ tọrọ ìyàwó Sakeasi, eyín bàbá bàbá rẹ̀ ni a ó gbé lọ. Láàárọ̀ yìí, mo ṣì wà lórí ẹní nígbà tí Vasiti pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Ó ní, "Kitione, dìde, Sakeasi ń fa ẹlẹ́dẹ̀ rẹ tó tóbi jù lọ, kò tiẹ̀ kí mi." Mo ní, "Jẹ́ kó máa fà á. Bá mi sọ fún un pé ó gbàgbé èyí tó kéré."